Díráìfù Tí Ń Jẹ́ Bàbá Wa

Orin ni Aníwúrà fi ń bó ẹ̀gẹ́. Orin ni ó fi ń rẹ ẹ́ sómi, orin ni ó fi ń mọ ọ́n róbótó, orin náà ni ó sì fi ń tò ó sórí àjà ààrò kí èéfín lè sọ ọ́ di oúnjẹ púpurú. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn l'Ókìtìpupa tí kò gbọ́ orin, kí ó má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn, obìnrin náà kò sí nílé. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń wo ojú ara wọn lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Aníwúrà wà nílé, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́, ẹnu dákẹ́.

Ohùn ọkọ rẹ̀ ló sọnù.

Ọkọ kò kú o. Ọkọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àga onírọ́bà, ó di ọ̀pá mú, ó ń wo ojú ọ̀nà. Zacchaeus ni orúkọ rẹ̀. Agégi ni nígbà tí apá ṣì jẹ́ apá, òun náà ló sì ń gbé ìsàlẹ̀ orin ró ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bó bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ á máa yí bọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá epo kọjá lórí pákó. Àìsàn kan ló dé lójijì. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wá wọ ẹnu, ó kó ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Kí ó fèsì ni kò sí. Wọn á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ó mu omi?" Á la ẹnu, ahọ́n á máa wá ọ̀nà bí ẹni tó wọ yàrá tí kò níná, ojú á sì kún fún omi.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn, Charity, ọmọ àwọn apẹja etí òkun, ló la Aníwúrà lóye. Ó ní, "Ìyá, yàrá tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú orí ọ̀tọ̀, yàrá tí orin ń gbé ọ̀tọ̀. Èyí tí olè wọ̀, ti ọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa kọrin, pàápàá orin tó ti mọ̀ ọ́n lára. Ó lè gba ojú fèrèsé orin mú ọ̀rọ̀ padà díẹ̀díẹ̀."

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ti palẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mọ́ tẹ́lẹ̀. Dúrósinmí, ọmọ wọn, ti gba ohùn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, gbogbo orin tí bàbá fúnra rẹ̀ dá nínú igbó Àjàgbà nígbà tó ń gégi. Mọ́tọ́lá, ìyàwó Dúrósinmí, ló ń lo kọ̀ǹpútà náà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, níbi tó ti ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, á ran bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, á fi í jókòó, á sì tan ohùn bàbá sí bàbá létí. Èyí tí gbogbo ilé fẹ́ràn jù nìyí:

Igi ń lọ, ìrúwé ń bọ̀,
Igbó wa kò ní ṣófo.
Èmi ń lọ, ọmọ ń bọ̀,
Ilé mi kò ní ṣófo.

Lákọ̀ọ́kọ́, bàbá kàn ń kùn ni. Nígbà tó yá, ó ń gbá ìparí rẹ̀ mú: "ṣófo." Nígbà tó tún yá, ó mú "ọmọ ń bọ̀." Ọjọ́ wá pé tí ó gbé ife omi rẹ̀ wò, tó rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, tó kọjú sí ìyàwó rẹ̀, tó ní, "Ṣófo."

Kì í ṣe orin ló ń kọ o. Ọ̀rọ̀ ló sọ. Aníwúrà jó dé ìdí kúlẹ́ẹ̀rì omi, ó jó padà, ìdajì omi náà dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Kò pẹ́ sí i ni oníbàárà kan mú fúláàṣì wá pé kí Mọ́tọ́lá bá òun tẹ ìwé kan jáde. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú fúláàṣì ọ̀hún. Kí Mọ́tọ́lá tó mọ̀, ó ti wọ inú orin bàbá, ó jẹ wọ́n bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn: orúkọ orin ṣì wà níta, inú ti di eruku. Mọ́tọ́lá lé fáírọ́ọ̀sì náà lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti jẹ kò ṣeé pọ̀ padà.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Aníwúrà nídìí ààrò.

"Ìyé, mo ti ba nǹkan jẹ́."

Aníwúrà gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ nínú ìró, ó fà á dìde. "Dìde, ọma mi. Ṣé ìwọ lo bí fáírọ́ọ̀sì ni? Àlejò ló mú ìyà wọlé. Dúró kò wí pé òun pa á mọ́ sí ibì kan?"

Ó wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni Dúró. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í jẹ àgbàdo tán láì so irúgbìn rọ̀ sókè. Díráìfù dúdú kan wà nínú àpótí tábìlì, kò ju ìwé orin lọ. Kí Dúró tó lọ sí iṣẹ́ tó wà báyìí, ó ti kó gbogbo orin bàbá sínú rẹ̀. Ètò kan nínú kọ̀ǹpútà ló bá a ṣe é. Ètò náà a máa di orin pọ̀ di ẹrù kan ṣoṣo, á so ó gbọnyin, á gbé e sínú díráìfù. Kò sí ẹlòmíràn tó lè tú ẹrù yẹn bí kò ṣe ètò tó dì í. Bí ó bá sì fẹ́ tú u, á kọ́kọ́ béèrè díráìfù náà lórúkọ, kí ó lè dá a lójú pé ibi tí òun gbé ẹrù sí gan-an nìyẹn.

Mọ́tọ́lá so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà. Iná búlúù tàn lára rẹ̀. Ó ní kí ètò náà tú ẹrù. Ètò ní òun kò rí díráìfù kankan.

Wọ́n pe Dúró. Àwọn abúlé orí omi ló wà, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé sólà sórí ilé fún àwọn apẹja, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì ń wá, ń lọ, bí ìgbì. Mọ́tọ́lá tẹ ohùn fóònù síta kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè máa gbọ́.

"Mọ́tọ́, ṣé iná ń tàn lára ẹ̀?"

"Ó ń tàn, ọkọ mi."

"Yí wáyà ẹ̀ padà."

Ó yí wáyà padà. Ètò ní òun kò rí i.

"Yọ ọ́ kúrò níwájú, kí o ti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́."

Ó ti ẹ̀yìn bọ̀ ọ́. Ètò ní òun kò rí i.

"Lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi síwájú ẹ̀ ńkọ́? E ni mo fún un. Bí nǹkan mìíràn bá ti gba E, á ti fún un ní òmíràn."

"F ló wà níwájú ẹ̀ báyìí."

"Ẹn-ẹ́n, ó lè jẹ́ òun nìyẹn. Dá a padà sí E."

Mọ́tọ́lá dá a padà sí E. Òógùn ti ń yọ ní imú rẹ̀. Ètò ní òun kò rí i.

"Ẹ bi í léèrè bóyá ebi ló ń pa á," ni Aníwúrà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Púpurú wà, ọbẹ̀ mọrúgbó náà wà."

Dúró rẹ́rìn-ín lórí omi lọ́hùn-ún. "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́tọ́, ó dáa, ka ohun tó kọ fún mi. Má fo nǹkan kan."

Mọ́tọ́lá sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń tọ́ka, ó ń kà. "Ó ní: mi ò rí díráìfù tó ń jẹ́ Bàbá wa. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún gbìyànjú."

"Díráìfù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Lọ wò ó. Orúkọ wo ló wà lára ẹ̀?"

Ó wò ó. "Bàbá wa ni."

Dúró gbà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ díráìfù náà ní orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìyàwó òun kì í fi ẹnu kan orúkọ yẹn. Bàbá wa tó gbọ́ yìí, kò ṣàjèjì sí i. "Orúkọ bára mu nìyẹn," ó ní. "Wáyà kọ́, ihò kọ́, lẹ́tà kọ́, orúkọ kọ́. Á jẹ́ pé díráìfù ọ̀hún fúnra ẹ̀ ló ń..." Ìgbì gbé ohùn rẹ̀ lọ níbẹ̀. Wọ́n pè é títí, obìnrin inú fóònù ló ń dá wọn lóhùn.

Bí ọjọ́ ti ń lọ, ọ̀rọ̀ ń fà sẹ́yìn lẹ́nu bàbá. "Ọmọ ń bọ̀" kọ́kọ́ lọ. Aníwúrà ní òun ò gbà, òun á kọrin náà fún un fúnra òun. Ó jókòó tì í, ó dá a. Ṣùgbọ́n ohùn Aníwúrà, orí igi ló ń gbé. Ti ọkọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ odò. Bí ìgbà tí ẹyẹ ń kọ́ ẹja ní fífò ni. Bàbá wo ẹnu rẹ̀, ó gbìyànjú, ó mi orí. Ní ọjọ́ kejì tó fẹ́ omi, ó kàn fi ìka lu ife ni, kó, kó, kó. Kò sọ pé ó ṣófo. Aníwúrà bu omi fún un, kò jó. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu tirẹ̀ náà ti dákẹ́.

Philemon ló wá wo kọ̀ǹpútà fún wọn. Ọmọkùnrin ìlú ni, oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀wà hù, òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgboro. Mọ́tọ́lá ti sọ fún un pé orúkọ bára mu, kò sì yẹ ìyẹn wò mọ́. Ó yẹ ibí wò, ó yẹ ọ̀hún wò, ó gbá orí díráìfù pẹ́pẹ́ bí ẹni ń dán ẹ̀pà tútù wò. Ó rí i pé ẹrù tí ètò dì wà nínú rẹ̀ lódindi. Ó ní kí òun fi ọwọ́ tú u, kò tú.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹrù wà níbẹ̀ o. Ètò yìí ni kò dá díráìfù mọ̀ mọ́. Ó dà bíi pé orí ẹ̀ ti dàrú. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fọ́máàtì ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á dá a mọ̀."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Bí ìgbà tí ẹ bá fọ ìkòkò mọ́ ni."

Aníwúrà wò ó. "Ọbẹ̀ inú ìkòkò ńkọ́?"

Philemon yọ fìlà, ó họ orí. "Ọbẹ̀ á lọ, Mọ́mì. Èmi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi ha ìdí ìkòkò lẹ́yìn náà. Mo lè rí díẹ̀. Mo sì lè má rí nǹkan kan."

"Tí a ò bá fọ̀ ọ́?"

"Ẹ óò ní ìkòkò tí ẹnì kankan ò lè ṣí."

Mọ́tọ́lá ní ó tọ́ kí wọ́n dúró de Dúró. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìgbà tí orí omi máa dá Dúró sílẹ̀? Ó sì ti rí ìka bàbá lára ife. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Philemon ṣe é. Philemon ní òun fẹ́ sáré dé Ode-Irele, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kọ̀ṣẹ́ níbẹ̀, bí òun bá ti dé, òun á yà. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Aníwúrà fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ fáànù ibẹ̀ ń bá eegun òun jà. Ó fa bẹ́ńṣì, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

"Ìyàwó mi, kí wọ́n tó wá fọ̀ ọ́, fi ẹnu tó fi ń sọ pé òun ò mọ ọkọ mi hàn mí."

Mọ́tọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyé, ẹ wò ó. Òkè níbí ni ètò ti ń wí pé òun ò rí Bàbá wa. Ìsàlẹ̀ níbí sì ni Bàbá wa wà, tó jókòó sílẹ̀. Òun gan-an lẹ ń wò yìí."

Ìwé kò pọ̀ lágbárí Aníwúrà. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ a, b, d, orin ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi wọlé. Bó bá fẹ́ kàwé, á máa pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe adìyẹ wọlé. Ó gbé ojú sí ìsàlẹ̀. Bí-á-bá. Bí-á-bá. Wí-á-wa. Inú rẹ̀ dùn, ó bá wọn nílé. Ó wá gbé ojú sókè láti lọ kí èkejì. Ó wá lẹ́tà bí náà níbẹ̀, kò rí i. Ó rí lẹ́tà kan tí kò bá pàdé rí ní kíláàsì.

"Ìyàwó mi, ta nìyí?"

"Èwo, Ìyé?"

"Èyí tó ṣíwájú yìí. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, bí ọ̀nà tó ń yẹra fún igi."

"Sẹ́ẹ̀dì ni, Ìyé."

"Wọn ò kọ́ wa."

"Kò sí nínú Yorùbá ni. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni."

Aníwúrà mi orí, ó gbà. Ó tún wo ìsàlẹ̀. Ó tún wo òkè. "Kí ló wá ń ṣe nínú Bàbá wa?"

Mọ́tọ́lá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó wo òkè. Ó wo ìsàlẹ̀. Aníwúrà wo ọmọ náà lójú, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Mọ́tọ́lá. Nígbà tí Dúró ní kí o kà á fún òun, ṣé ohun tí wọ́n kọ lo kà, àbí ohun tí ìyàwó ilé ń kà?"

Mọ́tọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ìyé, orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀."

"Èwo nínú orúkọ Bàbá?"

"Orúkọ wọn gan-an. Èyí tí... Ìyé, mi ò lè pè é."

"Má pè é. Ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo kọ ìsàlẹ̀." Ọ̀rọ̀ wá tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kan tó ń nu eruku tábìlì ni ó so díráìfù náà láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó ti ṣí i, orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ló yọ sí i gàdàgbà, láìsí Bàbá níwájú, láìsí nǹkan kan, bí ìgbà tí wọ́n ń pe ẹlẹgbẹ́ ẹni lọ́jà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Iyansan, obìnrin tó jẹ́ pé títí tó fi kú, kò pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré jù lórúkọ. Ojú ti Mọ́tọ́lá. Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ Bàbá wa síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ti àpótí, ó sì gbàgbé. "Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni, Ìyé. Tí mo bá rí orúkọ wọn lókè yẹn, Bàbá wa lẹnu mi ń kà. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń yí i."

Ẹ̀rín tí Aníwúrà ti ń dì mú já. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Ó fa orí ọmọ náà mọ́ àyà.

"Ọ̀wọ̀ ni, ọma mi. Ta ló ní kì í ṣe ọ̀wọ̀? Ṣé o mọ ohun tó ṣe èmi? Wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Mò ń kà á lọ, mò ń pe adìyẹ mi wọlé, mo bá dé ibi ọkùnrin kúkúrú tó gun igi nítorí àtirí Jésù. Orúkọ kan náà ni òun àti bàbá ọkọ ẹ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní, Bàbá Dúró sì gun igi náà."

"Ìyé."

"Gbogbo ìjọ pa lọ́lọ́. Bàbá ọkọ ẹ wà láàárín àwọn akọrin, ó ga bí òpó iná. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi gégi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun pé òun gùn ún."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ti Mọ́tọ́lá kò sì tètè dá. Aníwúrà fi etí ìró nù ún fún un. "Kọ̀ǹpútà kò gbé ilé ọkọ rí," ó ní. "Orúkọ tí wọ́n sọ fún un ló mọ̀. Bàbá wa dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò mọ Bàbá wa, Dúró ò bá òun sọ ọ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ó yá, dá orúkọ padà fún un."

Mọ́tọ́lá tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Bàbá wa pa rẹ́. Àlàfo funfun kan ṣí sílẹ̀, igi tíntín kan ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, ó ń retí. Ó gbé ìka sókè. Ìka náà ká kò.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo mú un gun igi kí n má baà pè é?"

"Ìka lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní fi ẹnu pè é."

"Ìka ta ni? Ìka tèmi kọ́? Jẹ́ kí a dúró de Philemon, òun kì í ṣe ìyàwó ilé yìí."

Wọ́n ń jà á lọ báyìí, ẹ̀rín ń pa wọ́n, ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀kùn láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù kò tì, etí bàbá kò sì ṣàìsàn. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé òsì. Mọ́tọ́lá sáré lọ gbá a mú. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì tí Aníwúrà dìde lórí rẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó na ọwọ́ òsì sí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkùnrin yìí fi fín orúkọ yẹn sí ẹ̀yìn pákó, kí àwọn agégi yòókù má baà ṣì í gbé. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fín in nígbà náà. Ìka òsì rẹ̀ ń rìn lórí àwọn lẹ́tà bí ẹni tó ń wá ilé lábúlé tí kò dé rí.

"Ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ ló ṣíwájú, Bàbá," ni Mọ́tọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ó wà nísàlẹ̀, lápá òsì yín."

Ó rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ibi tó yẹ kí lẹ́tà kan jẹ́ méjì, ìka rẹ̀ wúwo, ó jáde ní ọ̀wọ́ ńlá. Mọ́tọ́lá bá a pa àjẹkù rẹ́. Ó ń bá a lọ. Nígbà tó parí, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo orúkọ rẹ̀ nínú àlàfo funfun náà, ó mí.

Mọ́tọ́lá ní kí ètò tún wò. Ètò kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó rí díráìfù, ó rí ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń gùn lọ lójú kọ̀ǹpútà bí epo tó ń kún kòròbà. Orin kan bọ́ sílẹ̀. Òmíràn bọ́ sílẹ̀. Mọ́tọ́lá fi ọwọ́ kan pe Philemon lórí fóònù pé kí ó jẹ́ kí ìkòkò wà bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ti jáde.

Ó wá tan èyí tí gbogbo ilé fẹ́ràn.

Ohùn náà yí jáde, ó kún ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá sí ojú ọ̀nà. Igi ń lọ, ìrúwé ń bọ̀. Aníwúrà di ọwọ́ Mọ́tọ́lá mú. Wọ́n ń wo ẹnu bàbá. Ohùn dé "igbó wa kò ní ṣófo," ẹnu bàbá kò ṣí. Ó dé "ọmọ ń bọ̀," kò ṣí. Ó tẹ orí, ó ń gbọ́, ó fa ojú ro. Orin parí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn Aníwúrà ń lọ sílẹ̀. Ó rò ó pé bóyá wọ́n ti pẹ́ jù, bóyá fèrèsé náà ti tì nígbà tí wọ́n ń yí wáyà, tí wọ́n ń yí ihò.

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè.

Mọ́tọ́lá dá orin dúró. Bàbá la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ wá ọ̀nà, ó pàdánù rẹ̀, ó padà, ó tún wá a.

"Ó," ó ní. Wọ́n dúró. "Ó yá jù."

"Kí ni, Bàbá Dúró?"

"Ó yá jù."

Aníwúrà dúró gbagidi. Ó sáré ka gbogbo orin ọkọ rẹ̀ lọ́kàn, ti inú igbó, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Kò yá a lọ́wọ́ ẹnì kankan. Bàbá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le, ó sì rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń sáré.

"Ó yá jù lóòótọ́," Aníwúrà wí. "Mo ti ń sọ ọ́ fún un láti ìgbà yẹn, kì í gbọ́. Ṣé ká fà á?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Aníwúrà jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì, èjìká kan èjìká. Kò dá orin náà sórí igi níbi tí ohùn tirẹ̀ ń gbé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ka dé ẹ̀ka, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ wà. Kò dùn tó bó ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń ha ni lọ́fun, ṣùgbọ́n ó lọ jẹ́jẹ́, ó ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè kí ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Igi ń lọ.

Ó dúró. Bàbá mí.

"Ìrúwé," ó ní, "ń bọ̀."

Ọmọbìnrin kan yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì. Mọ́tọ́lá gbé ìka sí ètè. Ọmọbìnrin náà wo àwọn arúgbó méjèèjì lórí bẹ́ńṣì, ó fi ara ti òpó, ó sì dúró.